Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́ Èsì: Ìrìn Ayípo Nínú Igbó àti Lórí Àpáta

Láti ìgbà tí òjò ti ń palẹ̀ mọ́ ni lẹ́tà ti ń dé sí ojú ewé yìí lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Àwọn òǹkàwé wa ní Ọ̀yọ́, ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti ní agbègbè wọn fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn nínú igbó, kí wọ́n gun òkè, kí wọ́n wo ilẹ̀ láti orí àpáta, kí wọ́n sì gba ọ̀nà mìíràn padà sí ibi tí wọ́n ti gbéra. A yan díẹ̀ nínú àwọn lẹ́tà náà, a gé àwọn tó gùn kúrú, a sì fi orúkọ àwọn tó kọ wọ́n pamọ́.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Olùkọ́ girama ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwa àti àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa, tí a tó méjìdínlógún, fẹ́ rin ọ̀nà ayípo kan tó la inú igbó kọjá, tó sì ń gun òkè ní ìgbà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n ní gbogbo rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 12. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin wa sọ pé kìlómítà márùn-ún ni ènìyàn ń rìn ní wákàtí kan, pé bí a bá jẹun ọ̀sán tán kí a tó bẹ̀rẹ̀, a ó ti parí rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọkàn mi kò balẹ̀. Ṣé ìṣirò wọn tọ̀nà? (Olùkọ́, Arówómọlé)

ÈSÌ: Ẹ má tíì jẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀, Olùkọ́. Ìṣirò àwọn ọ̀dọ́ yín tọ̀nà fún títì ọlọ́dà; ti òkè yàtọ̀.

Ní ọdún 1892, ọmọ ilẹ̀ Scotland kan tí ń jẹ́ William Naismith gbé ìlànà kan kalẹ̀ tí àwọn tó ń gun òkè ṣì ń lò títí di òní. Ó ní kí a ka wákàtí kan fún kìlómítà márùn-ún kọ̀ọ̀kan, kí a sì fi wákàtí kan kún un fún gbogbo 600 mítà tí a bá gùn sókè. Bí a bá fi ìlànà yìí wo ìrìn tiyín, kìlómítà 12 yóò gba wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 24. Ó wá ku òkè. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi nǹkan kà, nítorí wọn a wo òkè tó ga jù ní ọ̀nà náà, wọn a ní kò ju 150 mítà lọ láti ìsàlẹ̀ dé orí, wọn a sì ka 150 náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín ti sọ pé ìgbà mẹ́rin ni ọ̀nà náà ń gòkè. Bí ìgbà kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 150 mítà, ẹsẹ̀ yín yóò ti gun 600 mítà kí ẹ tó parí, bí kò tilẹ̀ sí ibì kan ní ọ̀nà náà tó ga tó bẹ́ẹ̀. Wákàtí kan nìyẹn. Àròpọ̀ rẹ̀ di wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 24.

Síbẹ̀, ẹni tó lágbára, tó ń rìn lórí ilẹ̀ tó dára ní ìlú olótùútù, tí kò sì dúró sinmi rárá, ni ìlànà Naismith bá mu. Ẹ̀yin pọ̀ tó méjìdínlógún, bí ẹni tó lọ́ra jù láàárín yín bá sì ṣe ń rìn ni gbogbo yín yóò ṣe máa rìn. Koríko ilẹ̀ wa kì í fún ènìyàn láyè láti sáré, oòrùn wa kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ oòrùn Scotland. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ibi tí ẹ ó ti máa wo ilẹ̀ láti orí àpáta. Kò sí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tó ń dé irú ibẹ̀ tí kì í fi bí ìdajì wákàtí ṣòfò, nítorí kálukú ni yóò ya fọ́tò, tí wọn yóò tún ya ti gbogbo ẹgbẹ́, tí ẹnì kan yóò sì ní ojú òun dì nínú èyí tí wọ́n yà. Wákàtí mẹ́fà ni èmi yóò fún ìrìn yìí, mo sì lè fún un ní méje bí àwọn ọmọdé bá wà láàárín yín.

Bí ẹ bá wá gbéra ní aago méjì ọ̀sán, aago mẹ́jọ alẹ́ ni ẹ ó jáde. Ní agbègbè wa, ní oṣù kọkànlá, oòrùn ń wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú, kò sì ní pẹ́ rárá lẹ́yìn náà tí òkùnkùn yóò fi bo gbogbo ilẹ̀. Lábẹ́ igi, ilẹ̀ ti ń ṣú kí oòrùn tó wọ̀. Aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ ni kí ẹ ti wà ní ẹnu ọ̀nà, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní kété tí ojú bá ti ríran.

Ohun tó mú kí ìrìn ayípo yàtọ̀ sí ìrìn àlọ àti àbọ̀ lójú ọ̀nà kan náà ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ jù lọ. Ẹni tó gba ọ̀nà kan lọ, tó sì fẹ́ gba ọ̀nà yẹn padà, mọ gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀ nígbà tó bá yí padà, nítorí ó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń rìn yípo kò mọ ohun kan nípa ìyókù ọ̀nà rẹ̀ títí yóò fi parí. Ìgbà kan yóò sì dé tí ọ̀nà iwájú yóò kúrú ju ti ẹ̀yìn lọ. Láti ìgbà náà, bí ó ti wù kí ó rẹ ènìyàn tó, ọkàn rẹ̀ yóò máa sọ fún un pé kí ó tẹ̀ síwájú, ó kù díẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀nà kúkúrú tí a kò mọ̀ lè ní odò tó kún tàbí àpáta tí kò ṣeé sọ̀ nínú. Nítorí náà, láti ilé ni kí ẹ ti yan aago ìyípadà. Bí ẹ bá gbéra ní aago méje kí ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ fẹnu kò pé bí aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá lù tí ẹ kò tíì dé orí òkè kejì, ọ̀nà tí ẹ gbà wá ni ẹ ó gbà padà. Ẹnì kan ṣoṣo ni kí ẹ fún ní àṣẹ láti kéde rẹ̀, kí ó sì jẹ́ ẹni tí àwọn ọ̀dọ́ kò lè fi ṣe ẹlẹ́yà, nítorí ní orí òkè kò sí ọ̀dọ́kùnrin tó fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Mo rò pé ẹ̀yin gan-an ni iṣẹ́ náà yẹ, Olùkọ́.

Bí ẹ bá lè yan apá ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ yípo náà, apá tó ga gànnàkù ni kí ẹ kọ́kọ́ gùn ní òwúrọ̀, kí ẹ sì gba apá tó rọra ń lọ sílẹ̀ bọ̀. Ọwọ́ àti ojú ń ran ènìyàn lọ́wọ́ nígbà tó bá ń gun àpáta. Nígbà tó bá ń sọ̀ ni kì í rí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ, orúnkún á sì ti rẹ̀ nígbà náà. Ẹ wo ara àpáta dáadáa kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Àwọn ìlà dúdú gbọọrọ tí ẹ máa ń rí láti òkè dé ìsàlẹ̀ jẹ́ ojú ọ̀nà omi òjò, ohun tín-ín-tìn-ìn-tín tó ń hù níbẹ̀ ló sọ ọ́ di dúdú. Ó dì mú bàtà nígbà tó bá gbẹ, ṣùgbọ́n bí ìrì bá sẹ̀ sí i, yíyọ̀ rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Ẹ ó tún rí àwọn òkúta pẹlẹbẹ tó ti là kúrò lára àpáta, tó dà bí ẹni pé wọ́n ṣì so mọ́ ọn. Ẹ fi ọ̀pá kàn wọ́n, èyí tí ohùn òfìfo bá ti dún lábẹ́ rẹ̀, ẹ má tẹ etí rẹ̀. Yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ tó bọ́ lára àpáta náà, tó wá dúró sórí ibi tó tẹ́jú, ló ń gbé ènìyàn ṣubú jù. Ẹ gbá a kúrò pẹ̀lú àtẹ́lẹsẹ̀ kí ẹ tó gbé gbogbo ara lé ẹsẹ̀ náà.

Ti omi: ìdajì lítà ní wákàtí kan ni ó kéré jù, nínú ooru wa ó lè súnmọ́ lítà kan. Fún wákàtí mẹ́fà, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé lítà mẹ́ta ó kéré tán, mẹ́rin ni mo fẹ́. Omi inú ọ̀rá mẹ́fà sí mẹ́jọ nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ tú u sínú ike kí ẹ tó kúrò nílé, nítorí ọ̀rá máa ń bẹ́ nínú àpò, aṣọ á tutù, òùngbẹ á sì kù. Ẹ̀pà, kúlíkúlí àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n dára fún oúnjẹ ọ̀nà. Gààrí kò dára, omi tí ẹ fẹ́ mu ni yóò mu tán.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń gbé ní Ìsókùn níhìn-ín ní Ọ̀yọ́, mo sì máa ń kọjá níwájú ọ́fíìsì ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀. Ṣé ènìyàn kàn lè wọ inú ọgbà náà lọ rìn? Bí kò bá ṣeé ṣe, ibo ló tún súnmọ́ wa? (Onílé, Ìsókùn)

ÈSÌ: Ènìyàn kò lè kàn wọ ibẹ̀. Ẹ wọ ọ́fíìsì tí ẹ ń kọjá níwájú rẹ̀ yẹn, kí ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́, kí ẹ san owó ìwọlé, kí wọ́n sì fún yín ní ẹ̀ṣọ́ tí yóò mú yín rìn. Ẹni tó bá wọ inú ọgbà láìgba àṣẹ ti rú òfin, kì í sì í ṣe òfin lásán, nítorí ẹ̀ṣọ́ tó bá pàdé ẹni tí kò mọ̀ nínú igbó kò lè tètè mọ̀ bóyá alárìnkiri ni tàbí ọdẹ tó wá jalè.

Ọ́fíìsì nìkan ló wà ní Ìsókùn. Igbó náà gan-an wà ní apá àríwá, ó sì fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó. Ní ọdún 1936 ni wọ́n kọ́kọ́ fi apá kan nínú rẹ̀ ṣe igbó ìjọba; ó di ọgbà ẹranko ní 1952, ó sì di ti ìjọba àpapọ̀ ní 1991. Inú rẹ̀ ni ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà, ìlú tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1830 kí Aláàfin Àtìbà tó tẹ Ọ̀yọ́ tí a wà yìí dó. Odò Ògùn àti àwọn ẹ̀ka rẹ̀ ló ń fún ilẹ̀ náà lómi. Òkè ibẹ̀ kò ga púpọ̀, nítorí láti 330 dé 508 mítà sí ojú òkun ni ilẹ̀ náà fi ga, àmọ́ ó rí gbágungbàgun, igbó ṣíṣú wà ní etí odò, pápá àti igi ẹ̀mí wà ní ibi tó gbẹ. Ìjímèrè wà níbẹ̀, ẹfọ̀n náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ ohun tí àwọn ọdẹ máa ń sọ nípa ẹfọ̀n tó fara gbọgbẹ́ kò ní béèrè ìdí tí ẹ̀ṣọ́ fi gbọ́dọ̀ ṣáájú.

Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ ààbò pẹ̀lú, kí ẹ sì béèrè rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ lọ gan-an. Igbó tí ènìyàn rìn ní àlàáfíà lọ́dún kan lè má ṣeé sún mọ́ lọ́dún kejì, pàápàá ní apá ibi tí ọ̀nà kò sí, tí fóònù kì í sì í mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí àwọn ẹ̀ṣọ́ bá ní kí ẹ má wá, ẹ fi owó yín sí àpò kí ẹ máa lọ sí ibòmíràn.

Ibòmíràn náà kò jìnnà. Láti Ọ̀yọ́, ẹ gba Ìṣẹ́yìn lọ sí Adó-Àwáyè, níbi tí wọ́n ti kọ́ àtẹ̀gùn tó ju 300 lọ sí ara òkè náà. Lẹ́yìn àtẹ̀gùn ni ìrìn tòótọ́ ń bẹ̀rẹ̀, lórí àpáta tó tẹ́ lọ, tí igi ń hù ní àwọn ibi tó là, títí ẹ ó fi dé adágún Ìyákẹ̀ tó dá dúró sí orí òkè. Àwọn ará ìlú kì í fẹ́ kí àlejò fi ẹsẹ̀ tọ omi náà, kò sì sí ohun tí ẹ fẹ́ fi ẹsẹ̀ ṣe níbẹ̀. Ẹ mú ọmọ ìlú kan tó mọ ọ̀nà dání, kí ẹ sì gbọ́ ohun tó bá sọ. Ẹni tó bá wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ lè gba ọ̀nà Ìkòyí-Ilé lọ sí Igbẹ́tì, níbi tí àpáta ti dúró gbàgàdà sí ẹ̀yìn ìlú. Lójú tèmi, Igbẹ́tì dára ju Adó-Àwáyè lọ fún ẹni tí kò fẹ́ràn àtẹ̀gùn, ṣùgbọ́n ó le jù ú lọ fún ẹni tí ibi gíga ń kọ lóòyì.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọbìnrin mi tó wà ní yunifásítì fẹ́ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ rìn nínú igbó. Ejò ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ìyá mi máa ń sọ pé kí a fi okùn so ẹsẹ̀ tí ejò bá bù jẹ pinpin, kí a sì fi abẹ sín ojú rẹ̀ kí oró lè jáde. Ṣé mo lè kọ́ ọmọ náà bẹ́ẹ̀? (Ìyá Ọlọ́mọ, Akẹ̀sán)

ÈSÌ: Ìyá wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ìfẹ́ ló mú kí àwọn ìyá wa máa so okùn, nígbà tí kò sí ọsíbítù nítòsí. Okùn tí a so pinpin ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ẹsẹ̀ náà sì lè kú láìjẹ́ pé oró ejò ló pa á. Ojú ibi tí a fi abẹ sín kì í mú oró jáde. Oró àwọn ejò kan ní ilẹ̀ wa a sì máa jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ kọ̀ láti dì, nítorí náà ojú abẹ lásán lè máa ṣẹ̀jẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Fífi ẹnu fa oró jáde kò wúlò, bẹ́ẹ̀ náà ni fífi kẹrosíìnì ra á.

Ohun tí kí ẹ kọ́ ọ nìyí. Kí wọ́n kúrò níbi tí ejò náà wà, kí wọ́n má lépa rẹ̀ láti pa á, nítorí ẹni tó ń lépa ejò ni ejò ń bù jẹ ṣìkejì. Kí ẹni tó fara gbá a jókòó tàbí kí ó dùbúlẹ̀, kí wọ́n bọ́ òrùka, ẹ̀gbà àti bàtà kúrò ní ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà kí ó tó wú, kí wọ́n fi igi gbọọrọ àti ìborùn dì í kí ó má baà mira, kí wọ́n sì wo aago. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n gbé e. Kí ó má fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn bí ọ̀nà mìíràn bá wà, nítorí bí iṣan bá ṣe ń ṣiṣẹ́ ni oró ń gòkè. Ọsíbítù tó ní abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò ni kí wọ́n gbé e lọ, kì í sì í ṣe gbogbo ọsíbítù ló máa ń ní in. Nítorí náà, kí olórí ẹgbẹ́ wọn ti béèrè kí wọ́n tó kúrò nílé, kí ó sì kọ nọ́ńbà fóònù ibẹ̀ sínú ìwé. Bí ó bá jẹ́ pé ejò tó ń tu oró ló tu ú sí wọn lójú, kí wọ́n fi omi púpọ̀ fọ ojú náà lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n má fọwọ́ ra á, kí wọ́n sì lọ rí dókítà.

Púpọ̀ jù nínú àwọn ejò máa ń sá nígbà tí wọ́n bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lórí ilẹ̀. Paramọ́lẹ̀ ni kì í sá. Yóò dùbúlẹ̀ sí àárín ewé gbígbẹ, àwọ̀ rẹ̀ àti ti ewé náà yóò di ọ̀kan, ẹni tó bá sì tẹ̀ ẹ́ ló ń bù jẹ. Ìdí nìyí tí bàtà fi gbọ́dọ̀ bo ọrùn ẹsẹ̀, tí ṣòkòtò fi gbọ́dọ̀ gùn kí ó sì fẹ̀, tí ọ̀pá fi gbọ́dọ̀ máa ṣáájú ẹsẹ̀ nínú koríko. Bí igi bá ṣubú dí ọ̀nà, kí wọ́n kọ́kọ́ gun orí rẹ̀, kí wọ́n wo òdìkejì, kí wọ́n tó sọ̀. Kí wọ́n má gbé ẹsẹ̀ ré e kọjá sí ibi tí ojú wọn kò tó. Kí wọ́n má sì ki ọwọ́ bọ inú ihò àpáta nígbà tí wọ́n bá ń gun òkè.

Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan méjì kún un tí àwọn ìyá kì í sábà rò mọ́ ọn. Oyin wà ní ara àpáta púpọ̀ nílẹ̀ wa. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta wọ́n, kí wọ́n bo orí àti ojú, kí wọ́n sì sá jìnnà láìdúró gbọ́n ọ́n dànù. Èkejì ni yèrèpè, tí èso rẹ̀ ti ń gbẹ láti oṣù kọkànlá lọ, tí afẹ́fẹ́ sì ń gbé irun rẹ̀ kiri. Kí ọmọ yín wo ohun tó rọ̀ mọ́ igi kí ó tó fara kàn án.

ÌBÉÈRÈ: Ayàwòrán ni mí. Mo gun òkè nínú ọyẹ́, n kò sì rí nǹkan kan láti orí rẹ̀ àfi funfun. Ìgbà wo ló dára? (Ayàwòrán, Òwódé, Ọ̀yọ́)

ÈSÌ: Eruku aṣálẹ̀ Sàhárà ni ẹ rí. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ló ń gbé e wá láti apá Chad, láti oṣù kejìlá títí wọ oṣù kejì, èéfín igbó jíjó sì tún ń dà pọ̀ mọ́ ọn. Ìgbà méjì ló dára. Àkọ́kọ́ ni ìgbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní ìparí oṣù kẹwàá wọ oṣù kọkànlá, nígbà tí òjò ti fọ ojú ọ̀run, tí ilẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀. Èkejì ni ọjọ́ tó tẹ̀lé òjò ńlá ní oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún. Nínú méjèèjì, oṣù kọkànlá ni mo fara mọ́, nítorí òjò àkọ́rọ̀ kì í wá láìmú mànàmáná dání, ẹni tó dúró sí orí àpáta lásán ló sì ga jù níbẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ àrá nígbà tí ẹ wà lórí òkè, ẹ sọ̀kalẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ má sì sá sí abẹ́ igi kan ṣoṣo. Koríko ga ní oṣù kọkànlá, yóò sì bo ojú ọ̀nà. Ẹ fara dà á. Fún fọ́tò, aago méje sí mẹ́jọ ààbọ̀ òwúrọ̀ ni ìmọ́lẹ̀ dára jù, nígbà tí òjìji àwọn òkè ṣì gùn sílẹ̀ tí ìkùukùu sì ṣì wà ní àfonífojì.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ ọdún 64 ni mí, ọmọ bíbí Ọ̀yọ́. Ọmọbìnrin mi tó wà ní Virginia ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní òun yóò mú mi gun òkè kan tí wọ́n ń pè ní Old Rag nígbà tí mo bá wá. Ó ní àmì tí wọ́n fi ọ̀dà kùn ni àwọn ń tẹ̀lé nínú igbó. Orúnkún mi máa ń dùn mí. Ṣé kí n bá a lọ? (Bàbá Àgbà, Ọ̀yọ́)

ÈSÌ: Bàbá, ẹ lọ sí Virginia, ṣùgbọ́n ẹ ní kí ó wá òkè mìíràn fún yín. Old Rag wà nínú ọgbà Shenandoah, ó ga tó nǹkan bí 1,000 mítà sí ojú òkun, yípo rẹ̀ sì tó nǹkan bí kìlómítà 15. Kì í ṣe gígùn rẹ̀ ni mo ń rò fún yín. Bí ènìyàn bá ń súnmọ́ orí òkè náà, àárín àwọn òkúta ńláńlá ni ọ̀nà gbà, ó sì di dandan kí a fi ọwọ́ méjèèjì fa ara ẹni gòkè, kí a fún ara wa sí ojú àlàfo tóóró. Orúnkún tó ń dunni kò wúlò níbẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹta títí di òpin oṣù kọkànlá, ẹni tó fẹ́ gùn ún gbọ́dọ̀ ti gba tíkẹ́ẹ̀tì pàtàkì sílẹ̀, nítorí èrò pọ̀ jù.

Ọgbà Shenandoah kan náà ní àwọn ọ̀nà tó rọrùn tó sì tún dé ibi tí a ti ń wo àfonífojì. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ àmì ọ̀dà. Nínú ọgbà náà, àmì funfun ni ti Appalachian Trail, ọ̀nà ẹsẹ̀ tó gùn tó 3,500 kìlómítà láti Georgia dé Maine. Àmì búlúù ni ti àwọn ọ̀nà ẹsẹ̀ yòókù, òféèfèé sì ni ti ọ̀nà tí ẹṣin lè gbà. Bí ẹ bá rí àmì méjì lórí igi kan, tí ọ̀kan wà lókè èkejì, ẹ dúró kí ẹ wo òsì àti ọ̀tún, ọ̀nà fẹ́ yí nìyẹn. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń mú àlejò gun òkè ní ilẹ̀ wa gbé irú rẹ̀ yẹ̀ wò. Ike ọ̀dà kan kò wọ́n, bí àwọn onílẹ̀ bá ti fọwọ́ sí i.

Ní ti orúnkún: ìsọ̀kalẹ̀ ló ń pa á lára ju ìgòkè lọ. Ẹ di ọ̀pá méjì mú, kí ẹ gùn wọ́n sílẹ̀ ṣáájú kí ẹsẹ̀ tó tẹ̀lé e, ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, ẹ gbé ìṣísẹ̀ kúkúrú, kí ẹ sì máa lọ ní ìwọ́kúwọ̀ọ́ bí ọ̀nà bá ga. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò kí ẹ tó wọ bàálù. Ní báyìí, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ rìn ní àràárọ̀ láti ilé yín lọ sí ọjà kí ẹ sì rìn bọ̀, kí ọmọ yín má baà rò pé arìnrìn-àjò tuntun lòun gbà lálejò.

ÌBÉÈRÈ: Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣé àwòrán ilẹ̀ inú fóònù tó láti fi rìn yípo nínú igbó láìṣìnà? Kí ni kí n ṣe bí mo bá ṣìnà? (Akẹ́kọ̀ọ́, Tákìé)

ÈSÌ: Ó wúlò bí o bá ti gba àwòrán agbègbè náà sílẹ̀ sínú fóònù nígbà tí o ṣì wà nílé. Ohun tó ń sọ ibi tí o wà fún fóònù ń wá láti ọ̀run, kò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Àwòrán náà ló nílò dátà. Jẹ́ kí fóònù máa fa ìlà sí ibi tí o ti rìn kọjá, kí o lè tẹ̀lé ìlà náà padà. Bátìrì ni yóò dà ọ́, nítorí náà pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀, mú pawabánkì dání, má sì fi í kọrin. Tọ́ọ̀ṣì ọ̀tọ̀ ni kí o mú, má gbẹ́kẹ̀ lé ti fóònù. Sọ fún ẹnì kan tó kù nílé, ní kíkọ sílẹ̀, ọ̀nà tí o fẹ́ gbà, aago tí ó yẹ kí o jáde, àti aago tí kí ó wá ọ bí kò bá gbúròó rẹ.

Bí o bá rí i pé o ti ṣìnà, dúró. Mu omi, jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí o sì rántí ibi ìkẹyìn tí ó dá ọ lójú pé o wà lójú ọ̀nà. Bí ó bá súnmọ́, padà síbẹ̀, kí o máa ṣẹ́ ewé sílẹ̀ bí o ti ń lọ kí o lè mọ̀ bí o bá ń yípo lójú kan. Má tẹ̀lé odò sọ̀kalẹ̀ nítorí o gbọ́ pé odò ń lọ sí ìlú. Nínú àpáta, odò a máa já wálẹ̀ ní ibi tí ènìyàn kò lè gbà sọ̀, kò sì ní lè gùn ún padà mọ́. Bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú, má rìn mọ́. Wá ibi gbalasa tí kò sí lẹ́bàá omi, wọ gbogbo aṣọ tí o mú wá, kí o sì máa fun fèrè ní ìgbà mẹ́ta-mẹ́ta, kí o dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kí o tún fun ún. Fèrè ike kékeré náà ti tó. Ohùn ènìyàn á há kí ilẹ̀ tó mọ́, fèrè kì í há.